Ohun Tí Àwòdì Rí Lókè Òwu

Ẹni tó fọ́ dísìkì yìí kì í ṣe olè.

Ohun tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Fọlákẹ́mi Adétáyọ̀ kọ́kọ́ sọ nínú ara rẹ̀ nìyẹn, nígbà tó lóṣòó sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù Usamah ní Òwu, tó ń wo dísìkì tí ẹnì kan ti fi òòlù lù títí ó fi di ẹ̀rún. Kọ̀ǹpútà tó ṣe é tà lówó gidi wà lórí tábìlì, wọn ò fọwọ́ kàn án. Àwọn bátìrì tuntun tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọ̀kan ò dín. Olè gidi ì bá ti kó gbogbo wọn sínú àpò, kò ní ráyè òòlù. Ẹni tó wọ ibí kò wá mú nǹkan kan lọ sílé. Ó kàn fẹ́ kí ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn má sí níbẹ̀ mọ́ ni.

"Owú ni," Fọlákẹ́mi sọ lábẹ́ ètè.

Ó dá a mọ̀ dáadáa. Òun àti owú ti ń jẹun nínú abọ́ kan náà láti èṣí, láti ìgbà tí wọ́n ti fi Mobọ́lájí ṣe ọ̀gá lé e lórí. Mobọ́lájí tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu afurasí! Mobọ́lájí tó máa ń ru fáìlì tẹ̀ lé e lẹ́yìn kiri! Ní báyìí, bí ọmọbìnrin náà bá wọlé, Fọlákẹ́mi ló ń dìde dúró kí i. Ó ń dùn ún, kò sì ní parọ́ fún Ọlọ́run pé kò dun òun.

Gbogbo iṣẹ́ Usamah àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Timothy láti ìgbà òjò èṣí ló wà nínú dísìkì náà. Usamah ló fi fómù ṣe bàálù kékeré tí wọ́n ń pè ní Àwòdì, òun ló sì ń fi rímóòtù darí rẹ̀ lójú ọ̀run. Wọ́n á so kámẹ́rà kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ mọ́ ọn nímú, Àwòdì á gbéra, á máa wo òrùlé páànù Abẹ́òkúta tó ti pọ́n, á máa wo odò Ògùn àti àwọn àpáta. Bó bá balẹ̀, Timothy á yọ káàdì inú kámẹ́rà, á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á gé èyí tí kò dára dànù, á lẹ èyí tó dára pọ̀, á ki orin bọ̀ ọ́. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ máa ń pa àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó wà lókè òkun lẹ́kún. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé àkójọ rẹ̀ jáde fún gbogbo ìlú, àfi bí ẹnì kan ṣe gbé òòlù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọjọ́bọ̀ nìyí. Wọ́n sì ti mú ẹnì kan.

*

"Ẹ̀gbọ́n, ẹjọ́ yìí ti parí," Mobọ́lájí wí nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì na fóònù sí Fọlákẹ́mi. "Ẹ wò ó. Mo ti fi í ránṣẹ́ sí fóònù tiyín náà. Ọlọ́run ló bá wa mú un."

Timothy ló mú fídíò náà wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun àti Usamah wà ní pápá ilé ìwé kan, wọ́n ń fi Àwòdì ya fídíò. Bí Àwòdì ti ń padà bọ̀, ó fò kọjá lókè àgbàlá ṣọ́ọ̀bù wọn. Ta ni kámẹ́rà rí níbẹ̀? Láwàlì ọmọ Kẹ́mta ni, òun náà tó ní bàálù tirẹ̀, tó ń bá wọn du ojú àwọn òǹwòran. Fìlà pupa orí rẹ̀ hàn kedere. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọgbà, ó yọ́ wọlé. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ méjì náà fi máa ti pápá dé, dísìkì ti fọ́.

Fọlákẹ́mi wo òjìji ògiri nínú fídíò náà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀sán ni wọ́n ya èyí tí wọ́n ń pè ní àárọ̀, òjìji á sọ ọ́. Òjìji ò sọ nǹkan kan. Gígùn ti ọgbà ṣọ́ọ̀bù àti ti àwọn ilé tó ṣáájú rẹ̀ dọ́gba.

"Mo ti bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ lórí rédíò," Mobọ́lájí ní. "Ọ̀la ló ń lọ sí kóòtù. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti gbé e lọ sẹ́wọ̀n títí ọjọ́ ẹjọ́ á fi kò."

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," Fọlákẹ́mi dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro tí wọn ò fọ̀.

*

Láwàlì jókòó sílẹ̀ ní àtìmọ́lé, ó gbé orúnkún ró.

"Ṣé o wọ àgbàlá yẹn?"

"Mo wọ̀ ọ́ rí, mà. Kì í ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ọjọ́ wo?"

Ó fi ojú pamọ́ sáàárín orúnkún.

"Ta ló ní kó o gba ẹ̀yìn wọlé?"

"Ẹ bi onílé, mà. Mo ti ṣèlérí fún un pé mi ò ní sọ."

"O kọ ọ́ sórí ayélujára pé Àwòdì máa já bọ́ láìpẹ́."

"Ẹ̀fẹ̀ ni, mà! Àwọn náà kọ ọ́ pé adìẹ ni bàálù tèmi, pé kò lè fo ògiri."

Ẹ̀rín fẹ́ gbọ̀n Fọlákẹ́mi, ó gbé e mì. Ó ti gbọ́ irọ́ olè púpọ̀ láyé rẹ̀. Olè máa ń sọ pé òun ò dé ibẹ̀ rí. Olè kì í ní kí wọ́n lọ bi onílé.

Níta, lórí bẹ́ǹṣì, ìyá Láwàlì, Alájà Àsíátù, jókòó pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lórí itan. Aṣọ ló ń tà, ó sì ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa láti ìjẹta. Ó dìde bó ti rí Fọlákẹ́mi, ó tún jókòó nígbà tí Fọlákẹ́mi kọjá lọ.

*

Timothy dáhùn gbogbo ìbéèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé Mẹ́tọ́díìsì. Ó jókòó sí ibi tó máa ń jókòó gé fídíò, ó ń fi ìka pa etí tábìlì.

"Ọwọ́ mi ló gé gbogbo ohun tó wà nínú dísìkì yẹn, mà. Ṣé ó ṣe é gbọ́ sétí pé mo tún fọwọ́ ara mi bà á jẹ́?"

Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀. Fọlákẹ́mi fi ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ta ló jáde kẹ́yìn níbí láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Èmi ni. Usamah ti gbé Àwòdì gun ọ̀kadà lọ. Mo tilẹ̀kùn, mo bá a ní pápá."

"Káàdì tó wà nínú kámẹ́rà lọ́jọ́ náà ńkọ́? Mo fẹ́ rí fídíò náà kó o tó gé e."

"Mo ti nu ún, mà. Káàdì náà ti kún. Odindi ìrìn Àwòdì náà ló wà lórí fóònù yín, láti ìgbà tó gbéra."

"Bí àwòrán Láwàlì ti fẹ́ tán, ó gbọ̀n díẹ̀. Kí ló fà á?"

"Afẹ́fẹ́ ni."

"Ìwọ náà máa ń darí Àwòdì?"

"Rárá o. Usamah kì í fún ẹnikẹ́ni ní rímóòtù rẹ̀." Ó gbé ojú kúrò lára Fọlákẹ́mi. "Ẹnikẹ́ni."

Lẹ́ẹ̀kejì tó sọ ọ́, ohùn rẹ̀ há. Fọlákẹ́mi mọ ohùn yẹn. Bí òun náà ṣe máa ń pe "ọ̀gá mi" nìyẹn.

Síbẹ̀, owú lọ́tọ̀, ẹ̀rí lọ́tọ̀. Àwọn méjèèjì wà ní pápá nígbà tí Láwàlì ń wọlé, kámẹ́rà sì rí i. Ibẹ̀ ni ìwádìí rẹ̀ há sí.

*

Ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, kó lè dúró síbi tí Láwàlì dúró sí. Àpáta ńlá kan tẹ́ lọ lẹ́yìn ọgbà náà, láfún funfun báláú lórí rẹ̀, ìyá àgbà kan sì ń fi ẹ̀ka igi lé ewúrẹ́ kúrò nídìí rẹ̀. Ìyá Bùsírátù ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

"Òo. Ẹ bá mi lé ẹran yẹn, ẹ ṣeun. Ó ti fẹ́ sọ mí di ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀."

Fọlákẹ́mi lé ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà ló mú fóònù jáde, ó wo fídíò náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Láwàlì rèé, ilẹ̀kùn rèé, láfún lórí àpáta rèé ní kọ̀rọ̀ àwòrán. Ohun gbogbo rí bó ṣe wà níwájú rẹ̀ yìí gẹ́lẹ́. Ó fẹ́ fi fóònù sápò, àfi bó ṣe rántí pé òun ò tíì wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ rí. Ibi tí Láwàlì wà ni gbogbo èèyàn ń sáré lọ.

Ó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Àwòdì gbéra ní pápá. Ó kọjá lókè mọ́ṣáláṣí. Ó kọjá lókè àpáta kan, ó ń lọ síhà odò. Fọlákẹ́mi dá fídíò dúró. Ó gbé ojú sókè, ó wo igi àgbálùmọ̀ tó wà létí àpáta, ó tún wo inú fóònù. Igi náà nìyí. Àpáta yìí kan náà ni. Ó dúdú, ó ń dán, kò sí láfún tó tó ẹyọ òkèlè kan lórí rẹ̀.

Bí Àwòdì ti ń lọ, àpáta ṣófo. Bó ti ń bọ̀, àpáta kún fún láfún. Ìgbà tó wà láàárín méjèèjì kò tó kí èèyàn jẹ ẹ̀kọ méjì tán.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ sá láfún síbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Ìṣẹ́gun kẹ̀? Tí gbágùúdá mi ṣì wà nínú omi! Èyí tí mo sá lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ Ajé ni mo kó o nílẹ̀, mo gbé e lọ sí ọjà Itori. Àná ni mo sá èyí tẹ́ ẹ ń wò yìí."

"Ó dá yín lójú, mà?"

Ìyá Bùsírátù wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọmọ mi, ẹni tí láfún ń bọ́ kì í gbàgbé ọjọ́ tí kò rí nǹkan sá."

Fọlákẹ́mi kò lè ṣe kó má gbóríyìn fún ẹni tó gé fídíò náà. Ó wá ọjọ́ tí òjìji bára mu. Ó wá ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ bákan náà. Kò sóhun tó gbàgbé, àfi láfún. Ọmọ Ẹ̀gbá wo ló ń rí láfún lórí àpáta? Ó bá a níbẹ̀ nígbà tó ń rákòrò, ó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, ojú rẹ̀ ti ń fò ó láti kékeré. Àlejò láti ibòmíràn ì bá ti bèèrè pé kí ni nǹkan funfun yẹn.

*

Usamah wà ní iwájú ilé bàbá rẹ̀, Àwòdì lórí itan rẹ̀. Fọlákẹ́mi kò sọ nǹkan kan nípa láfún. Ó kàn gbé fóònù lé e lọ́wọ́.

"Wo ìparí ibi tí Láwàlì wà yẹn dáadáa. Àwòrán ń gbọ̀n. Ọ̀rẹ́ rẹ ní afẹ́fẹ́ ni."

Usamah wò ó. Ó tún un wò. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Kì í ṣe afẹ́fẹ́, mà. Ewé ọ̀pẹ ò mì."

"Kí wá ni?"

Ó gbé Àwòdì kúrò lórí itan. "Rímóòtù ló ń ti ọwọ́ kan bọ́ sọ́wọ́ kejì."

"Ọwọ́ ta sọ́wọ́ ta?"

"Tèmi, sí ti Láwàlì." Ó dorí kodò. "Ọjọ́ Àìkú ni èyí, mà! Timothy wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo ní kí Láwàlì gba ẹ̀yìn wọlé. Inú àgbàlá ni mo dúró sí tí mo ti ń darí Àwòdì, mo sì gbé rímóòtù fún un kó dán an wò. Mi ò tiẹ̀ rántí pé kámẹ́rà ń wò wá látòkè."

"O sì dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ wà látìmọ́lé?"

"Mo rò pé ó tún padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni, pé èmi ni mo fi ọ̀nà han olè. Ojú ń tì mí."

"Kí ló dé tó o gbé rímóòtù fún Láwàlì, tó ò gbé e fún Timothy?"

Omi lé ròrò sójú ọmọkùnrin náà. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn lójú òun fúnra rẹ̀."

*

Nígbà tí Fọlákẹ́mi padà dé àgọ́, Mobọ́lájí wà lórí fóònù, ó ń bá oníròyìn mìíràn rẹ́rìn-ín. Kò tiẹ̀ jẹ́ kó jókòó. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Láwàlì ni, ẹ má wulẹ̀ yọra yín lẹ́nu mọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára Fọlákẹ́mi nìyẹn. Ó yí padà láìsọ̀rọ̀, ó jáde. Ọ̀gá ní kí òun fi í sílẹ̀, àbí kò ní bẹ́ẹ̀? Bópẹ́ bóyá, lọ́yà kan á bi Ìyá Bùsírátù léèrè ọ̀rọ̀. Gbogbo ayé á gbọ́ pé ọmọ kékeré tí wọ́n fi jọ̀gá kò lè mọ àpáta tó ṣófo yàtọ̀ sí èyí tí láfún wà lórí rẹ̀. Fọlákẹ́mi rí ojú Mobọ́lájí lọ́jọ́ náà lọ́kàn rẹ̀. Áà, ó dùn! Ó dùn débi pé ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tọ́ ọ wò.

"Ìnsípẹ́kítọ̀." Alájà Àsíátù ti dìde níbi bẹ́ǹṣì. "Ẹ dákun, ṣé wọ́n jẹ́ kó jẹun? Bí wọ́n bá gbé e lọ sẹ́wọ̀n lọ́la, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n máa gbé oúnjẹ wá?"

Fọlákẹ́mi wo kúlà ọwọ́ obìnrin náà. Bópẹ́ bóyá, tí òun ń wí yẹn, inú ẹ̀wọ̀n ni ọmọ rẹ̀ á wà. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni ẹ̀rún dísìkì lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan ti di òòlù mú níbẹ̀, ó dùn mọ́ òun náà báyìí gan-an, ó sì lù ú.

Ó padà wọlé. Kò kan ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gá, ẹ pa fóònù yẹn. Ẹ̀yin àti èmi ń lọ sí Òwu. Bẹ́ ẹ bá gbé ọmọ yẹn dé kóòtù lọ́la, ẹ̀yin lẹ máa tẹ́."

*

Wọ́n bá Timothy nídìí kọ̀ǹpútà. Usamah tẹ̀ lé wọn wọlé. Fọlákẹ́mi fi àpáta dúdú hàn wọ́n, ó fi àpáta funfun hàn wọ́n, ó sọ ohun tí Ìyá Bùsírátù wí. Mobọ́lájí gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó, ojú rẹ̀ ràn.

"Ọjọ́ Àìkú lo ti yọ Láwàlì," Fọlákẹ́mi ní, "o gé ibi tí Usamah ti hàn dànù, o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kó o tó tilẹ̀kùn, o ti lo òòlù. Lẹ́yìn náà lo lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ dúró ní pápá, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀."

"Láfún," Timothy wí. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dára. "Láfún tí mo jẹ láàárọ̀ yìí."

"Kí ni mo ṣe fún ẹ?" Usamah bi í.

"Kí lo ṣe?" Timothy dìde. "Mo ń gé fídíò, mo rí ibi tó gbọ̀n. Mo ní, kí ló ń mú Àwòdì gbọ̀n? Mo dá a padà, mo sún un mọ́ra, mo sì rí ọ. O gbé rímóòtù fún Láwàlì! Láwàlì tí a jọ ń bú! Èmi bẹ̀ ọ́ títí, o ní ọwọ́ mi wúwo. O dúró dìgbà tí mo lọ ṣọ́ọ̀ṣì, o pe ẹlòmíràn wá jókòó síbi tèmi. Mo ní bó bá jẹ́ pé òun lo fẹ́ bá ṣiṣẹ́, ẹ ò ní fi iṣẹ́ ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀. Mo fọ́ ọ. Ó sì dùn mọ́ mi, àfi ìgbà tí mo rí i nílẹ̀."



"Mo fẹ́ kó máa bá wa darí Àwòdì ni," Usamah wí, "kí èmi lè ráyè jókòó tì ọ́. Níbí. Nídìí tábìlì yìí."

"Láti ṣe kí ni?"

"Kó o kọ́ mi. Gbogbo ohun tí mo ń fi Àwòdì rí lókè, páànù àti òkúta ni. Ìwọ lò ń sọ ọ́ di ohun tí èèyàn ń sunkún sí. Mo máa ń jí káàdì mú lọ sílé, mo máa ń gbìyànjú láti gé e bíi tìrẹ, kì í jọ ọ́. Ojú ń tì mí láti bẹ̀ ọ́, nítorí èmi náà ti kọ̀ fún ọ rí. Timothy, èmi ni mo ń jowú rẹ."

Timothy jókòó padà. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, ó nà wọ́n sí Mobọ́lájí kó dè wọ́n.

*

Wọ́n tú Láwàlì sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Alájà Àsíátù gbá a mọ́ra, ó gbọn fìlà pupa náà nù, ó dé e fún un. Lẹ́yìn náà ló wá ẹni tó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ káàkiri àgọ́. Mobọ́lájí ni aṣọ rẹ̀ ní ìràwọ̀ jù, òun ló sì kúnlẹ̀ fún.

"Ọlọ́run á gbé yín ga sí i, ọ̀gá! Ọgbọ́n yín ò ní run!"

Mobọ́lájí fà á dìde. Ó wo Fọlákẹ́mi fìrí, ó la ẹnu, àfi bí fóònù rẹ̀ ṣe dún. Oníròyìn ni. Ó gbé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un bí a ṣe ń sá láfún ní Òwu.

Owú náà dìde nínú Fọlákẹ́mi, ó gbóná janjan. Fáìlì ẹjọ́ náà wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, èyí tó fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbá dànù. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó sì fi wọ́n síbẹ̀ títí owú náà fi rọlẹ̀.